Àtẹ̀gùn iwájú ìtàgé

Ìlọrin, Àlàmísì.

Òní ni a ṣí páànù ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìṣeré àtijọ́ àdúgbò wa, èyí tí mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àtúnṣe àti àfikún rẹ̀, oòrùn sì wọ ibi tí n kò rí i kí ó dé rí láti ìgbà tí bàbá mi ti ń mú mi lọ wòran níbẹ̀. Imí àdán bo ìtàgé. Káfíńtà wa ń fi òòlù kan pákó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí i: èyí tó bá dún kó ṣì le, èyí tó bá dún bọ̀ọ̀, ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Nínú pákó 24, 9 péré ló yè.

Àwòrán ilé tí ẹnjiníà tẹ́ sórí àpò sìmẹ́ńtì ló gbà mí lọ́kàn jù. Yàrá ìmúra tuntun dára, ilé ìtọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n ó gbé ìtàgé ga dé àyà mi, ó sì fi àtẹ̀gùn méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Mo bi í pé, bí olórin dàdàkúàdà bá ki ènìyàn dé orí bàbá ńlá rẹ̀, ibo ni onítọ̀hún yóò gbà lọ lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí? Ìdáhùn oríkì ni owó yẹn. Ojú ẹni tó dìde wá ni olórin ti ń rí èyí tí yóò kì tẹ̀ lé e. Ìlú Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú, àgbà olórin dàdàkúàdà, nìyí.

Ilé ìṣeré ńlá Ìgànmú ní Èkó, tí wọ́n kọ́ de FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ọdún 1977, ara gbọ̀ngàn kan ní ìlú Varna ní Bulgaria ni wọ́n ti wo àwòkọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn ilé náà, inú mi sì dùn pé wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é. Tiwa kò tóbi rárá, nítorí náà a lè gé e bá ara wa mu.

Táìsì ni ẹnjiníà wa tún fẹ́ fi bo ògiri. Mo mú un lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n lẹ táìsì sí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, ògiri sì dá ìró rẹ̀ padà fún wa. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni gángan fi ń sọ̀rọ̀. Bí ohùn tó ti lọ bá ń padà wá gun èyí tó ń bọ̀, oríkì á di ariwo. A jọ gbà pé pákó ni kí ó bo ògiri.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó kúnlẹ̀ ti àwòrán náà, ó mú pẹ́ńsù. “Bàbá, báwo ni kí àtẹ̀gùn iwájú ṣe fẹ̀ tó?” Mo ní kí ó fẹ̀ tó kí ìyá, bàbá àti ọmọ lè jọ gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fa ìlà náà.