Awọ, Fáínìlì tàbí Aṣọ: Yíyan Ìjókòó Ọkọ̀ Tí Yóò Bá Wa Kalẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ a máa fara balẹ̀ yẹ ẹ́ńjìnnì wò, a máa wo táyà, a máa fọwọ́ pa ọ̀dà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá kan ìjókòó, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ju kí wọ́n béèrè bóyá awọ ni tàbí aṣọ lọ. Èyí máa ń dùn mí, nítorí pé kò sí ibòmíràn nínú ọkọ̀ tí ara wa ń gbé lé pẹ́ tó ìjókòó, kò sì sí ohun tó tètè ń fi ọjọ́ orí ọkọ̀ hàn bí i tirẹ̀. Kò sí èyí tí kò ní gbó nínú awọ, fáínìlì (ìyẹn ike tí wọ́n ṣe bí awọ) àti aṣọ. Ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà gbó ni kò dọ́gba, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbà pé, kí a tó yan èyíkéyìí, ó yẹ kí a mọ irú ìbàjẹ́ tó máa ń bá a, kí a sì mọ̀ bóyá ìbàjẹ́ náà ní àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi awọ bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ọ̀gá. Awọ màlúù ni wọ́n ń lò jù lọ fún ìjókòó ọkọ̀. Iyọ̀ kírómù ni wọ́n sábà máa ń fi rẹ awọ tútù kí ó má baà jẹrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń lo omi èèpo igi gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kùn ún ní àwọ̀, tí wọn yóò sì fi ọ̀dà polyurethane, irú ike kan, tó mọ́ gaara bo ojú rẹ̀ kí omi àti ìdọ̀tí má baà tètè ràn án. Ọ̀dà òkè yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn tí ń ta òróró awọ ṣe ń sọ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà láìlà, òróró tí a ń fi pa ìjókòó kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú awọ. Orí ọ̀dà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń dúró sí, tí yóò sì máa fa eruku mọ́ra. Ìtọ́jú tó tọ́ sí i ni pé kí a fi aṣọ rírọ̀, omi díẹ̀ àti ọṣẹ tí kò le nù ún, kí a sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e. Eruku ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an, nítorí pé àwọn hóró iyanrìn kéékèèké tó wà nínú rẹ̀ a máa ha ọ̀dà náà nígbàkúùgbà tí a bá jókòó tàbí tí a bá dìde. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀ tó kọjú sí ilẹ̀kùn nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́: ibẹ̀ ni awọ ti kọ́kọ́ máa ń ṣá tí ó sì máa ń là, nítorí pé orí ibẹ̀ ni itan awakọ̀ ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nípa awọ gidi ni pé ó ṣeé tún ṣe. Ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí ṣeé kùn padà, ibi tó là díẹ̀ ṣeé dí kí a tó kùn ún, bí ojú kan lódindi bá sì bàjẹ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ ìjókòó ríràn lè tú ojú náà nìkan, kí ó sì rán òmíràn sí i. Owó kékeré kọ́ ni yóò ná wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà.

Àmọ́, kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní awọ ló jẹ́ awọ látòkè délẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n tà pẹ̀lú ìjókòó awọ, ibi tí a ń jókòó lé àti ibi tí a ń fẹ̀yìn tì nìkan ni awọ ẹranko wà. Ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ìjókòó a máa jẹ́ fáínìlì tí wọ́n ṣe kí ó lè bá awọ náà mu. Awọ pàápàá ní ìpele. Ìpele òkè, níbi tí irun ẹranko ti hù, ni ó lágbára jù, nígbà tí ìpele ìsàlẹ̀ tí wọ́n là kúrò lára rẹ̀ kò lè farada ìfà àti ìnà tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún wá burú jù ni èyí tí wọ́n fi àjákù awọ ṣe, tí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, tí wọ́n pò ó mọ́ àtè, tí wọ́n sì tẹ ojú awọ sí i lára. Èmi kò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi irú rẹ̀ ṣe ìjókòó ọkọ̀, nítorí pé bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, kò sí kíkùn tó lè gbà á. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tó wà níwájú wa, kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé òórùn, nítorí pé òórùn awọ ṣeé fi kún ohun tí kì í ṣe awọ. Kí a wá ibi tí a ti lè rí inú rẹ̀, bóyá lábẹ́ ìjókòó tàbí níbi tí síìpù wà: inú awọ gidi a máa ní fọ́nrán wẹ́wẹ́ tó rí bí irun, nígbà tí inú fáínìlì a máa fi aṣọ tí wọ́n hun hàn.

Fáínìlì kò yẹ lẹ́ni tí à ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ike kan tí wọ́n ń pè ní PVC ni wọ́n fi ń ṣe é, èyí tí ó le gan-an fúnra rẹ̀, kí wọ́n tó fi èròjà olóròóró kan sí i tí yóò mú kí ó rọ̀. Omi kì í wọ inú rẹ̀, wàrà kì í wọ inú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í wọ inú rẹ̀, a sì lè nù ún mọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé èròjà tó ń mú un rọ̀ kì í dúró títí láé. Ooru inú ọkọ̀ tí a gbé sínú oòrùn a máa lé e jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì wà lára ohun tó máa ń di ìkùukùu fẹ́ẹ́rẹ́ sí inú gíláàsì iwájú. Bó bá ti ń lọ bẹ́ẹ̀ ni fáínìlì yóò máa le sí i, tí yóò sì là, pàápàá lójú rírán. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ fi epo bẹntiróòlù tàbí tínà fọ̀ ọ́, nítorí pé àwọn wọ̀nyí ń fa èròjà náà jáde kíákíá. Fáínìlì tó ti le kò lè rọ̀ mọ́. Àfarawé awọ kan tún wà tí wọ́n fi polyurethane ṣe, tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ dáadáa nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń ba oríṣi èyí tí kò dára tó jẹ́ nínú rẹ̀, títí ojú rẹ̀ yóò fi máa ṣí wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja.

Aṣọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú di, bẹ́ẹ̀ òun ni èmi ìbá yàn fún ẹni tó ń dá wa ọkọ̀ rẹ̀ níbi tí ooru ti ń mú. Polyester, ìyẹn òwú àtọwọ́dá kan, ni ó pọ̀ jù nínú aṣọ ìjókòó, nítorí pé ó lè farada oòrùn tó ń gba inú gíláàsì wọlé, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í tètè ṣí. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín òwú rẹ̀ kọjá, kì í gbóná janjan mọ́ itan, òógùn kì í sì í dúró mọ́ ẹni lẹ́yìn bíi ti fáínìlì. Awọ tí wọ́n dá lu ní ihò wẹ́wẹ́ ń gbìyànjú láti ṣe iṣẹ́ yìí kan náà, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí a máa kó sínú ihò wọ̀nyẹn.

Ibi tí aṣọ ti ń kùnà wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn nínú fóòmù. Ohun tó bá dà sórí aṣọ kì í dúró sójú rẹ̀. Yóò sọ̀ kalẹ̀ sínú fóòmù, níbi tí ọwọ́ wa kò lè dé, bí ó bá sì pẹ́ níbẹ̀ láìgbẹ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bu, òórùn rẹ̀ yóò sì máa padà wá nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá gbóná. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹni gbogbo pé kí wọ́n má ṣe da omi púpọ̀ lé ìjókòó aṣọ nítorí pé wọ́n fẹ́ fọ̀ ọ́. Bí nǹkan bá dà sí i, kí a kọ́kọ́ tẹ aṣọ gbígbẹ mọ́ ọn kí ó lè fa omi náà, láìfi ọwọ́ ra á, lẹ́yìn náà kí a fi ọṣẹ díẹ̀ ṣiṣẹ́ láti etí àbàwọ́n náà wá sí àárín rẹ̀. Omi tútù ni kí a lò fún wàrà àti ẹ̀jẹ̀, nítorí pé omi gbígbóná ń mú wọn lẹ̀ mọ́ òwú. Ẹ̀yìn ìyẹn, kí a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ títí fóòmù yóò fi gbẹ, kì í ṣe ojú aṣọ nìkan.

Fún ẹni tó ń gbé ọmọ kéékèèké tàbí èrò, fáínìlì tó nípọn ni mo rò pé ó tọ́. Ajá a máa fi èékánná ha awọ, irun rẹ̀ a sì máa há sínú aṣọ, nítorí náà fáínìlì náà ni yóò rọrùn jù fún ẹni tó ń gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ awọ, kí ó yàn án bó bá ní ibòji tí yóò máa gbé ọkọ̀ sí, tó sì ṣe tán láti máa nu eruku lójú rẹ̀ déédéé. Kí ó sì ṣọ́ra fún àwọ̀ fífẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé aró ṣòkòtò jíìnsì tuntun a máa ran awọ àti fáínìlì funfun. Àwọn kan kò tilẹ̀ fẹ́ awọ nítorí ẹranko, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ sì ti ń gbọ́ tiwọn: ní 2021, Volvo kéde pé gbogbo ọkọ̀ òun tuntun tó ń lo iná mànàmáná nìkan kò ní ní awọ mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ààbò, èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fò. Aṣọ tí wọ́n ṣe fún àga ilé lè má bá ìlànà iná ti ọkọ̀ mu. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà FMVSS 302 kò gbà pé kí iná jó kọjá mìlímítà 102 láàárín ìṣẹ́jú kan lórí ohun tí wọ́n fi ṣe ìjókòó ọkọ̀. Bákan náà, inú ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ni àpò afẹ́fẹ́ kan, èyí tó máa ń wú jáde láti dáàbò bo ènìyàn, wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ojú rírán tó wà níbẹ̀ ni ó sì gbọ́dọ̀ ya kí àpò náà lè jáde nígbà ìjàǹbá. Kí a wo ẹ̀gbẹ́ ìjókòó bóyá a ó rí àkọlé AIRBAG níbẹ̀ kí a tó ra ìbòrí èyíkéyìí, kí a sì rí i pé ìbòrí náà ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ńṣe la fẹ́ kí wọ́n tún ìjókòó náà rán, kí a sọ fún oníṣẹ́ kí ó tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, nítorí pé okùn tó le jù lójú rírán yẹn lè dí àpò afẹ́fẹ́ lọ́wọ́.