Òdòdó lójú omi Saône

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ẹsẹ̀ ń ro mí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ sùn láìkọ ọ́ sílẹ̀ torí tí mo bá sùn pẹ́nrẹ́n ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ á ti bọ́ lọ́kàn mi.

Láàárọ̀ mo wọ tíréènì láti Dijon lọ sí Saint-Jean-de-Losne. Ìlú yẹn kéré gan-an o, nǹkan bí 1,000 èèyàn ló ń gbébẹ̀, ó wà lára àwọn ìlú tí ilẹ̀ wọn kéré jù ní Faransé. Ṣùgbọ́n omi ò wọ́n wọn. Odò Saône rèé níwájú wọn, ibẹ̀ náà ni odò àfọwọ́gbẹ́ Bourgogne ti já sínú ẹ̀, kìlómítà 242 láti ibẹ̀ títí dé odò Yonne, ìlẹ̀kùn omi 189 ló wà lójú ọ̀nà, ọkọ̀ á wọ àárín ìlẹ̀kùn méjì, wọ́n á tì í, wọ́n á jẹ́ kí omi kún tàbí kó fà, ọkọ̀ á wá máa gòkè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Láti 1832 nìyẹn o!

Òní ni ọdún àwọn awakọ̀ ojú omi, Pardon des mariniers, oṣù kẹfà ni wọ́n máa ń ṣe é. Wọ́n ta àsíá sára ọkọ̀, fádà súre fún wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n ju òdòdó tí wọ́n hun róbótó sínú odò torí àwọn tó ti kú. Gbogbo àwa tá a jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta létí omi dákẹ́ lọ gbári. Òdòdó yẹn ò rì, ó yí díẹ̀, omi wá rọra ń gbé e lọ.

Màmá kan nítòsí mi ń nu ojú. Mo kí wọn kú ìrántí, bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Inú péniche ni wọ́n bí wọn sí, ọkọ̀ akẹ́rù gbọọrọ tó gùn tó mítà 38 àbọ̀, bàbá ń wà á, ìyá ń so okùn, ẹ̀yìn ọkọ̀ níbẹ̀ ni yàrá àti ilé ìdáná wà. Wọ́n ní nígbà ayé àwọn bàbá bàbá wọn, ẹni tí ò bá lówó ẹṣin, òun àtìyàwó ẹ̀ á so okùn mọ́ àyà, wọ́n á máa fa ọkọ̀ tẹrùtẹrù, wọ́n á máa fẹsẹ̀ rìn létí odò. Ó dùn mí wọra.

Ìlú yìí ní ìtàn ogun tí gbogbo èèyàn mọ̀, 1636, ọmọ ogun Gallas, ọ̀gágun tó ń bá Faransé jà, yí wọn ká, wọn ò sì juwọ́ sílẹ̀, ohun ìwúrí ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi òdòdó àárọ̀ yìí jù ú lọ, torí àwọn tí wọ́n ń rántí yìí ò nílé lórí ilẹ̀ ibì kankan, ibí ni wọ́n ti ń dúró de ẹrù, ibí ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ibí náà ló wá di ilé wọn. Ọkọ̀ tó kún ibẹ̀ báyìí, ti àwọn tó wá gbafẹ́ ló pọ̀ jù. Ẹrù ti wọ tírélà lọ.

Màmá ní ọmọ ọdún mẹ́fà lòun nígbà tí wọ́n mú òun lọ síléèwé tí wọ́n ń sùn sí, torí ọkọ̀ ò lè dúró de iléèwé. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ òun ò mọ ibi táwọn òbí òun wà, tí lẹ́tà bá dé, orúkọ ìlú tó wà lórí ẹ̀ lòun kọ́kọ́ máa ń wò.

Mi ò lè fèsì. Ọmọ tèmi náà pé mẹ́fà lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ̀ màmá mi l'Ábẹ́òkúta ló wà, ọdún kejì rèé.

Mo pè é lórí WhatsApp níbẹ̀ yẹn, etí omi. Kò tiẹ̀ kí mi tán.

"Mọ́mì, ibo lẹ wà yẹn?"

Mo yí fóònù, mo fi odò hàn án, mo fi àwọn ọkọ̀ hàn án níkọ̀ọ̀kan, mo sì pe orúkọ ìlú náà fún un lẹ́ẹ̀mẹta títí tó fi mọ̀ ọ́n pè.