Lọ́fíńdà Almdudler: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí nípa lọ́fíńdà òkè Alps yẹn, èyí tí mo fẹ́ kó máa ta sánsán bí ẹlẹ́rìndòdò Almdudler, mi ò tíì pa á tì. Ibi tó le níbẹ̀ gan-an ni mo wà.

Fún ẹni tí kò tíì tọ́ ọ wò, Almdudler ni ẹlẹ́rìndòdò tí Erwin Klein gbé jáde ní Vienna, ní ilẹ̀ Austria, ní 1957. Ewé òkè Alps 32 ni wọ́n ní ó fún un ládùn. Mi ò lé ewé 32. Ohun tí imú mi bá gbọ́ nìkan ni mò ń lé. Mo dà á sínú ife, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí gáàsì rẹ̀ lè lọ, ìgbà náà ni mo tó gbọ́ ọ dáadáa: lẹ́mọ́ọ̀nù ti rẹlẹ̀, koríko gbígbẹ ti yọjú, ewé kan tó jọ míntì sì wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ṣúgà tí iná rà díẹ̀.

Koríko gbígbẹ yẹn kò nira. Coumarin ni, èròjà olóòórùn kan tó wà nínú ewéko. Koríko tútù kì í fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn yìí, ìgbà tó bá ń gbẹ ni coumarin ń jáde nínú rẹ̀. Ọdún 1868 ni William Henry Perkin, onímọ̀ kẹ́míkà, ti ṣe é nílé àyẹ̀wò, ilé iṣẹ́ Houbigant sì lò ó nínú lọ́fíńdà wọn, Fougère Royale, ní 1882. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà iṣẹ́.

Ìkorò ló ń bá mi jà. Nínú àwọn ohun mímu ewé ti òkè Alps, egbò gentian, ewéko orí òkè kan, ló sábà ń mú ẹnu korò, nítorí amarogentin inú rẹ̀ wà lára ohun tó korò jù láyé. Ṣùgbọ́n ahọ́n ló mọ ìkorò, imú kò mọ̀ ọ́n. Ẹ já ewúro tútù kí ẹ gbé e sí imú: òórùn ewé lásán ni. Ẹ wá fi sẹ́nu, ẹ ó fajú ro. Nítorí náà, òórùn tí ọpọlọ ti so mọ́ ìkorò ni mo ń wá. Mo dán Artemisia absinthium, ewé kíkorò kan, wò, ó fẹ́ di òògùn ilé ìwòsàn. Galbanum, oje igi olóòórùn ewé tútù, ló ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Ìránì ni, kì í ṣe ará Alps. Mo fi spírítì là á dé 1%, torí bí ó bá pọ̀ díẹ̀ báyìí, á gbé gbogbo ìyókù mì.

Gáàsì náà kì í ṣe òórùn. Iṣan tó ń jẹ́ kí ata ta wá lẹ́nu ló ń jẹ́ kí gáàsì ta wá ní ahọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi òróró ata ilẹ̀ sí abẹ́ lẹ́mọ́ọ̀nù àti bergamot, ìbátan ọsàn. Bergamot tí wọ́n ti yọ bergapten kúrò nínú rẹ̀ ni o! Èyí tí wọn ò yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀ lè mú kí oòrùn jó ara èèyàn.

Ẹnìkan ní kí n fi Rivella, ẹlẹ́rìndòdò mìíràn, ṣe é dípò. Omi wàrà, ìdá 35 nínú 100, ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn ní Switzerland láti 1952. Ó dára lẹ́nu, ṣùgbọ́n èmi ò ní po wàrà mọ́ galbanum.

Lórí awọ ara báyìí, lẹ́mọ́ọ̀nù ń tètè lọ bó ṣe máa ń ṣe, òróró Pinus cembra á sì gba gbogbo ilé. Igi orí òkè Alps ni, ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lọ́fíńdà mi ti ń rùn bí àpótí aṣọ onígi. Mo ti dín in kù sí ìdajì, mo sì fi òróró clary sage, ewé olóòórùn kan, kún àárín. Èyí tó kù ni kí ó sinmi nínú ìgò dúdú. Mi ò ní jẹ́ kí òróró ju 5% lọ nínú spírítì: ẹlẹ́rìndòdò ni mò ń ṣe, kì í ṣe tùràrí.