Owó ìsìnkú Màmá

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, ọdún 2024. Lọ́ńdọ̀nù.

Èmi àti Màmá tó wà ní àdúgbò wa jọ lọ sí ilé ìkàwé káńsù láàárọ̀ yìí. Bọ́ọ̀sì pẹ́ kó tó dé, òtútù sì ń jẹni dé egungun. Màmá wọ kóòtù méjì léra wọn, wọ́n tún ró ìró lé ṣòkòtò. Wọ́n fún báàgì kan mọ́ àyà. Gbogbo lẹ́tà tí ìjọba ti kọ sí wọn láti bí ọdún méjì ló wà nínú rẹ̀, wọn ò sì tíì já èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Láti oṣù Keje ni ọkàn wọn kò ti balẹ̀. Ìgbà náà ni mínísítà ètò ìṣúná, Rachel Reeves, kéde pé Winter Fuel Payment, owó tí àwọn arúgbó fi ń ra iná àti gáàsì nígbà òtútù, kò ní kárí mọ́. Àfi ẹni tó bá ń gba Pension Credit, owó tí ìjọba fi ń kún ti arúgbó tí owó tó ń wọlé fún un kò tó, tàbí irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn aṣòfin dìbò lé e lórí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, 348 sí 228, ó parí síbẹ̀. £300 ni ti ẹni tó bá ti pé ọdún 80. Màmá ti pé 81.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìjọba fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó lè tó ìdílé 880,000 tó lẹ́tọ̀ọ́ sí Pension Credit tí kò béèrè fún un. Ohun tí ọwọ́ àwọn aláìní kò tíì tó ni wọ́n lọ so owó òtútù mọ́. Kò dára bẹ́ẹ̀.

Màmá wà lára àwọn tí mò ń wí. Ọdún 28 ni wọ́n fi gbálẹ̀ ọ́fíìsì nílùú yìí, wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì ìdájí nígbà tí àwọn tó ni ọ́fíìsì ṣì wà lójú oorun. Owó ìfẹ̀yìntì wọn kò pé £160 lọ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń dá gbé, tí owó tó ń wọlé fún un kò tó £218.15 lọ́sẹ̀, Pension Credit ló yẹ kó dí èyí tó kù. Mo ti sọ ọ́ títí ó fi sú mi. Èsì kan náà ni mò ń gbà: “Ọmọ mi, mi ò tọrọ jẹ rí. Ọjọ́ alẹ́ mi kọ́ ni n ó wá bẹ̀rẹ̀.”

Lẹ́tà káńsù ló rọ̀ wọ́n lọ́kàn. Káńsù ló ń bá wọn san lára owó ilé tí wọ́n ń gbé, òun náà ló ń dín owó orí ilé kù fún wọn, nítorí náà iye tó ń wọlé fún wọn wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé wò, wọ́n rí àwọn arúgbó tó yẹ kó máa gba Pension Credit tí kò gbà á, wọ́n kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá ní, “Orúkọ mi ni wọ́n kọ síbẹ̀.”

Ọmọbìnrin tó jókòó tì wá ní ilé ìkàwé láti bá wa kọ fọ́ọ̀mù Pension Credit, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ahọ́n rẹ̀ sì ń kọsẹ̀ nínú Yorùbá, àmọ́ ó yíkàá kó tó kí Màmá. Ìbéèrè tó wà nínú fọ́ọ̀mù náà lé ní 200. Púpọ̀ kò kan Màmá, ó ń fò wọ́n kọjá. Nígbà tó kan owó ìpamọ́, Màmá dákẹ́. Wọ́n fa báàgì mọ́ra. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: “£4,000 ni. Owó ìsìnkú mi ni. Ṣé wọ́n á gbà á?”

Mo ti ń bá wọn fa ọ̀rọ̀ yìí láti oṣù Keje, n ò mọ̀ pé ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nìyẹn. Àjọ ni wọ́n fi kó o jọ, díẹ̀díẹ̀, kí ìyà má baà jẹ ọmọ lórí òkú wọn. Ọmọbìnrin náà ní owó ìpamọ́ tí kò bá kọjá £10,000 kò ní dí wọn lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní fọwọ́ kàn án. Màmá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Wọ́n ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi báírò kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan, Màmá ká a, wọ́n so ó mọ́ etí ìró. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù o. Ẹni tó bá béèrè títí di ọjọ́ 21 oṣù yìí, wọ́n lè ka Pension Credit rẹ̀ sẹ́yìn fún oṣù mẹ́ta, kí ó lè bá ọ̀sẹ̀ oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n fi ń ṣírò owó òtútù.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wá ló rí bẹ́ẹ̀ ṣe. Bàbá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa jókòó lẹ́yìn wa. £4 lọ́sẹ̀ ni owó tó ń wọlé fún wọn fi ju iye tí Pension Credit gbà láyè lọ. Ọmọbìnrin náà ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì jẹ́ £4. Kò sí Pension Credit, kò sí owó òtútù, bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹwàá ni owó iná àti gáàsì ti fi ìdá 10 nínú 100 lé sí i. Ó wá sọ fún wọn nípa Household Support Fund, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn káńsù pé kí wọ́n pín bí wọ́n ṣe rí i pé ó yẹ. Ó ní kí Bàbá mú ìwé gáàsì wọn wá, òun yóò gbìyànjú. Bàbá kò fèsì. Wọ́n kàn dé fìlà wọn.

Mò ń lọ sọ́dọ̀ wọn láàárọ̀ ọ̀la láti bá wọn wá ìwé náà. Màmá ní àwọn yóò tẹ̀ lé mi.

Kí n tó kúrò nílé Màmá, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tan hítà lálẹ́ yìí. Wọ́n ní àwọn á tàn án fún wákàtí kan.