Ọdún tí Àlájà kú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọdún o. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí kí n wá ka iye báàgì tí mo fi báńà àlòkù rán tí mo sì tà, bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, ẹ má bínú, tọdún yìí ò ní ìṣirò. Àlájà, ìyá mi, kú, òun ni ọdún yìí. Ìyókù, mo wà níbẹ̀ náà ṣá, torí báàgì kì í rán ara ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà níbí látìgbà tí mo ṣì ń fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà rán báàgì, ẹ mọ̀ pé òun ló ń bá mi fọ báńà. Ti ìbò 2023 ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, àwọn èèyàn ń tú u lára òpó ní Taiwo àti Tanke n'Ílọrin níbí, wọ́n ń gbé e wá fún mi. Àlájà á jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, á da omi ọṣẹ sí i, á mú kànìnkànìn, ojú olóṣèlú ló sì máa ń kọ́kọ́ ha. Á máa bá a wí: "Ìwọ yìí, títì wa dà? Wo bí eyín ẹ ṣe funfun, omi ẹ̀rọ ò yọ." Tó bá fọ̀ ọ́ tán, á ní ó yá, gé e, bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn.

Báàgì tó máa ń gbé lọ sọ́jà Ìpàtà, eyín ẹnìkan báyìí ló wà lójú ẹ̀. Èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bèèrè ibi tó ti rà á, Àlájà á ní ọmọ òun ló ń rán an, á wá fi owó lé iye tí mò ń tà á. Owó orí ẹ̀ yẹn, mi ò fojú kàn án rí.

Jímọ̀ ló lọ. Ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú wa, mi ò tíì gbà pé ó kú, wọ́n ti ń kó ṣọ́bìrì bọ̀ nílé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ tẹ báńà fídáù, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fa fọ́tò Àlájà títí kó lè kún báńà, ìyá tó tín-ín-rín wá fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn gáréèjì. Ẹ̀rín pa mí níwájú àwọn àáfà, wọ́n rò pé ẹkún ni mò ń sun. Wọn ò kúkú jìnnà sí i.

Báńà yẹn wà lókè wọ́dúróòbù. Ọmọ iṣẹ́ mi ti fà á sílẹ̀ rí, ó ti gbé àlùmágàjí lé e, ariwo tí mo pa, Màmá Ìbejì sáré wọlé, ó rò pé ejò ni. Èmi tí mo ti gé sẹ́nétọ̀ sí méjì láìṣẹ́jú! Flẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ọ̀rá tí wọ́n fi ń tẹ báńà, kì í jẹrà, òjò ò lè ṣe é ní nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ jàre.

Abẹ́rẹ́ 18 ni mò ń lò, ojú ìrán á sì jìnnà síra, torí tó bá pọ̀ jọ, á lu flẹ́ẹ̀sì jálujàlu, ọjọ́ tí wọ́n bá ki iṣu sí i ló máa ya. Mi ò fi pín-ìn-nì há a, ihò ẹ̀ kì í dí, pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ Àlájà ni mò ń lò. Ọwọ́ báàgì, ìkékù aṣọ òkè látọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ wa ni. Ilé ìwé kan gba báàgì láwìn, wọ́n mọ ara wọn, mi ò ní sọ̀rọ̀.

Màmá Ìbejì, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín, ẹ rán iṣẹ́ oníṣẹ́ tán nígbà tí mi ò lè fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì, ẹ kọ owó, ẹ ní àdúà ni kí n ṣe. Mò ń ṣe é o.

2027 ń bọ̀, ojú tuntun ti ń yọ lára òpó. Mo dán an wò lọ́jọ́sí, mo ní "títì wa dà?", ohùn mi ò tiẹ̀ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Á mọ́ mi lára, ínṣà Állà. Ẹni tó bá ní báńà nílé kó gbé e wá, màá fún un ní pọ́ọ̀sì kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìṣó ara ẹ̀ kúrò, abẹ́rẹ́ ti wọ́n.