Ọ̀rọ̀ Kò Tán Lẹ́nu Bàbá Akọ̀wé

Tí o bá fẹ́ mọ iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú èèyàn, fún un ní pákó tí kò fẹ̀ ju ìwé àjákọ ọmọ iléèwé lọ, kí o ní kó sọ ohun tó fẹ́ kí a kọ sí i. Ẹni tí kì í kí ará ilé rẹ̀ láàárọ̀ yóò di òǹkọ̀wé lójú ẹsẹ̀. Yóò ki oríkì, yóò ṣàdúrà, yóò dárúkọ gbogbo ẹni tó bá a dáwó, yóò sì tún bi ọ́ bóyá àyè ṣì kù.

Iṣẹ́ áwọ́ọ̀dù ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, l'Ékòó, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń wí. Bí ṣọ́ọ̀bù kan ṣe ń tẹ káàdì ìgbéyàwó ni èkejì ń tẹ kàlẹ́ńdà; tèmi ni kí n fín ọ̀rọ̀ sára igi, gíláàsì àti páànù. Ẹ̀rọ lésà ni mo fi ń ṣe é. Àwọn oníbàárà sì ti gbà pé nígbà tí kọ̀ǹpútà ti wọ̀ ọ́, kò sí ohun tí kò lè gbà. "Ìyá Ìbejì, ṣebí kí o ṣáà tẹ̀ ẹ́ kó kéré ni?" Orin tí wọ́n fi ń kí mi káàárọ̀ nìyẹn.

Lóòótọ́, ó ṣeé tẹ̀ kó kéré. Nínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to iṣẹ́ kó tó dórí ẹ̀rọ, o lè kó odindi Sáàmù sórí èékánná, kò ní bá ọ jà. Orí páànù ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Pọ́ìntì la fi ń wọn sáìsì lẹ́tà, íǹṣì kan sì jẹ́ pọ́ìntì 72. Lẹ́tà tó bá jẹ́ sáìsì 6, àtòkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú méjìlá íǹṣì lọ. Tí iná lésà bá dé orí igi, á jó ihò inú "e" àti "a" pa pọ̀, kò sì sí ẹni tó máa mọ èwo ni èwo mọ́. Páànù tí wọ́n kùn ní dúdú sàn díẹ̀, torí pé ọ̀dà orí rẹ̀ nìkan ni lésà ń họ kúrò kí àwọ̀ wúrà lè yọ. Síbẹ̀, páànù ò lè ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, kò rí báyìí. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ni ọ̀gá mi ń lò. Wọ́n á to àwọn lẹ́tà idẹ sójú àyè wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa fi ṣóńṣó irin kan tọ ojú lẹ́tà náà, ṣóńṣó kejì á sì máa fín in ní kékeré sórí páànù. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Ẹ wo bí àwọn èèyàn ṣe mọ ọ̀rọ̀ ọ́ gé láyé ìgbà yẹn! Alhaji á di "Alh.", Olóyè á di "Ol.", àdúrà tó yẹ kó gba ìlàjì wákàtí á di "Kú oríire". Lésà ló ba ayé wa jẹ́. Iye kan náà ni à ń gbà báyìí, ìbáà jẹ́ orúkọ nìkan lo fẹ́, ìbáà jẹ́ ìtàn ìdílé láti ayé bàbáńlá.

Mo ti rí oríṣiríṣi. Ìyá ìjọ kan fẹ́ Sáàmù 23, láti ẹsẹ kìíní dé ìkẹfà, sójú aago ògiri. Mo ní níbo ni ọwọ́ aago máa gbà. Wọ́n ní kó máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹbí ọkọ ìyàwó kan fẹ́ orúkọ ìdílé méjèèjì, ìlú méjèèjì, déètì àti àkọlé ayẹyẹ sára ohun tí wọ́n fi ń so kọ́kọ́rọ́, èyí tí kò tó àtàǹpàkò. Mo ní kí wọ́n mú díẹ̀ kúrò. Ìyá ọkọ wo ìyá ìyàwó, ìyá ìyàwó wo ìyá ọkọ, kò sí ẹni tó yanu. Ìbẹ̀rù ló ń kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ gbà mí gbọ́. Tí orúkọ ẹnì kan bá sọnù lára áwọ́ọ̀dù, ìpàdé mẹ́ta tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fi yanjú ẹ̀, wọn ò sì ní yanjú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bàbá Akọ̀wé ni baba gbogbo wọn.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò kan ni wọ́n. Alága wọn ń fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún 12, wọ́n sì fẹ́ fi áwọ́ọ̀dù dá a lọ́lá. Bàbá wọlé pẹ̀lú fìlà abetí ajá àti bébà onílà gígùn tí wọ́n ká ní mẹ́rin. Wọ́n tú u. Iwájú kún. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ẹ ṣí i sẹ́yìn". Mo ṣí i. Ẹ̀yìn náà kún.

Gbogbo ìṣèjọba Alága ló wà níbẹ̀. Bí tiransifọ́mà ṣe jó, àwọn tó lọ sí ọ́fíìsì iná, ohun tí wọ́n sọ fún wọn níbẹ̀, ìgbà tí òmíràn dé, iye tí ojúlé kọ̀ọ̀kan dá. Gọ́tà tí wọ́n gbẹ́. Géètì tí wọ́n ṣe sí ẹnu àdúgbò, àti ọdẹ tí wọ́n gbà, àti ìdí tí wọ́n fi lé ọdẹ àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ìgbìmọ̀: igbákejì alága, akọ̀wé, igbákejì akọ̀wé, akápò, akọ̀wé owó, alukoro, àwọn bàbá ìsàlẹ̀, ìyá ẹgbẹ́. Oníkálukú pẹ̀lú oyè àti nọ́ńbà ojúlé. Àdúrà ló wá kẹ́yìn.

"Bàbá, pákó wa ò ju íǹṣì 8 sí 10 lọ, sà."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi gé e kúrú nìyẹn."

Mo ní ọgbọ́n kan tí mo máa ń dá fún irú oníbàárà bẹ́ẹ̀. Mo máa ń tẹ ọ̀rọ̀ wọn sórí bébà ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gẹ́lẹ́ lórí áwọ́ọ̀dù, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, màá ní kí wọ́n lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán kí wọ́n kà á fún mi. Ọ̀pọ̀ kì í dé ìlà kejì tí wọ́n á fi ní kí n bá wọn gé e. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Akọ̀wé. Wọ́n lọ dúró lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n fi sápò. Wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n sì ka gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìparí, tiransifọ́mà, gọ́tà, nọ́ńbà ojúlé, wọn ò fi kóńmà kan sílẹ̀. Níbi àdúrà, wọ́n dijú. Ìgbà náà ló yé mi pé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ò nílò àtirí i.

Mo pe ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ dáadáa, wá bá wa ka èyí." Ó gbé omi rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó dúró síbi tí Bàbá dúró sí. Ó wò ó. Ó rìn sún mọ́ ọn. Ó tún wò ó.

"Mọ̀mí, ṣé Lárúbáwá ni?"

Bàbá Akọ̀wé mi orí. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò kàwé."

Ó kù díẹ̀ kí n gbà fún wọn, ni mo bá rántí ọ̀gá mi. Mo ní, "Bàbá, tó bá ti pọ̀ tó báyìí, lẹ́tà lẹ́tà la máa ń gbowó ẹ̀ o. Náírà 50 fún ọ̀kan." Irọ́ ni, mo kàn fẹ́ kí wọ́n gé e ni. Bàbá kò jiyàn. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ mi, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó.

"Àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì ńkọ́, ṣé ẹ ń gbowó ìyẹn?"

"Rárá, sà."

"Àmì orí àti àmì abẹ́?"

"Ọ̀fẹ́ ni."

Orí wọn wú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ọmọṣẹ́ mi wò mí, mo wò ó, a rẹ́rìn-ín músẹ́ pé ọgbọ́n ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé bébà náà fún mi, mo wá ohun tí wọ́n gé. Tiransifọ́mà ṣì wà. Ọdẹ àkọ́kọ́ ṣì wà pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ pé, oyè pé, ojúlé pé. Orúkọ Alága ni wọ́n gé. Orúkọ mẹ́rin tí ọkùnrin náà ń jẹ́ ti di lẹ́tà mẹ́rin.

"Bàbá, Alága lẹ ń fún ní áwọ́ọ̀dù o."

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n ní àdúgbò?"

Mo fi náírà 50 sílẹ̀. Mo ní kí ọmọṣẹ́ mi wá àjákù páànù kan, ká fín ìlà díẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. A ṣe é. Bàbá gbé e sókè sí oòrùn. Wọ́n yọ háńkáṣíìfù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Wọ́n há ooru ẹnu sí i, wọ́n tún nù ún.

"Ìyá Ìbejì, páànù rẹ yìí dọ̀tí. Wo eruku."

"Bàbá, àmì abẹ́ 'ọ' àti 'ẹ' ni, sà."

Wọ́n dákẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti àárọ̀. Ibi tí a ti ń ronú ni ọmọṣẹ́ mi, tí ebi ti ń pa, ti yanu sọ pé, "Ẹ ṣáà jẹ́ ká kó ìyókù sẹ́yìn ẹ̀."

Ẹ̀yìn kẹ̀? Mo rò pé Bàbá máa bínú. Ojú wọn ló tàn. Iwájú á jẹ́ ti Alága: orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ọdún tó dépò àti ọdún tó kúrò, gbólóhùn ìdúpẹ́ kan. Ẹ̀yìn á gba páànù tirẹ̀, gbogbo ìgbìmọ̀ á sì wà níbẹ̀. Àwọn nọ́ńbà ojúlé àti ọdẹ àkọ́kọ́ ni a fi rúbọ kí lẹ́tà lè tóbi díẹ̀. Bàbá fi àṣẹ kan sí i: páànù ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí ti iwájú. Àwọ̀ wúrà kan náà, bọ́dà kan náà. Mo ní ta ló máa wo ẹ̀yìn áwọ́ọ̀dù.

"Ìwọ ṣáà ṣe é."

Mo lọ síbi ayẹyẹ náà fúnra mi torí pé bálánsì mi wà lọ́wọ́ akápò, akápò sì ní ibẹ̀ ni kí n ti wá gbà á. Abẹ́ kánópì ni wọ́n ti ṣe é, ní àárín títì, nídìí tiransifọ́mà gan-an. MC gba áwọ́ọ̀dù, ó ka iwájú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ketekete. Inú mi dùn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

"Ẹ yí i padà!" Ohùn Bàbá Akọ̀wé ni, láti tábìlì àwọn àgbà.

MC yí i padà. Ó gbé e jìnnà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ fóònù. Ìlù ti dákẹ́, gbogbo èèyàn ń wò ó. Àwọn MC kì í jẹ́ kí ojú tì wọ́n, ṣá. Ó gbé máìkì sẹ́nu, ó wo tábìlì àwọn ìgbìmọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹni tó bá rí. "Olóyè tó wọ aṣọ òféèfé, ẹ dìde! Olóyè tó jókòó tì í, ẹ má jókòó mọ́!" Akápò di olóyè. Alukoro, tó jẹ́ pé ọdún tó kọjá ló kó dé àdúgbò, di olóyè. Kò sí ẹni tó ṣàtúnṣe. Ẹni tí wọ́n bá pè á jó jáde, á ná owó mọ́ onílù, á pa dà síjòókòó gẹ́gẹ́ bí olóyè. Ìyá ẹgbẹ́ jó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá ku fọ́tò. Alága dúró láàárín nínú agbádá funfun, ìgbìmọ̀ yí i ká, gbogbo wọn sì na ọwọ́ mú áwọ́ọ̀dù náà. Mo dúró lẹ́yìn oníkámẹ́rà láti wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Wọ́n ti yí orúkọ wọn sí kámẹ́rà, orúkọ Alága sì kọjú sí àyà Alága. Oníkámẹ́rà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i, ẹ̀yìn ló kọjú síbí." Bàbá Akọ̀wé ní, "Ìwọ ṣáà yà á." Bí wọ́n ṣe ya gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà nìyẹn, àti èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ńlá tí wọ́n gbé kọ́ sí gbọ̀ngán ìpàdé wọn.

Akápò san bálánsì mi, ó dín díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di olóyè, mi ò lè bá a fà á.

Lẹ́yìn náà, ọkùnrin àgbàlagbà kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú àpò náílọ́ọ̀nù. Mo dá a mọ̀ láti inú fọ́tò. Alága fúnra rẹ̀ ni. Ó fa áwọ́ọ̀dù náà yọ, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì mi, ó ń fi ìka tọ orí páànù ẹ̀yìn lọ tọ orí rẹ̀ bọ̀.

"Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ yín dára, ọwọ́ yín ò ní dilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ibí yìí tí gbogbo èèyàn ń wò, ṣé kò sí àyè tí ẹ lè fi tèmi náà sí i?"

Mo gbé awò asọǹkandińlá lé e. Nísàlẹ̀ pátápátá, lápá ọ̀tún, lẹ́yìn orúkọ alukoro, àyè lẹ́tà márùn-ún ló ṣẹ́kù. A fín ALÁGA síbẹ̀.