Obìnrin tó jókòó ti kòkòrò

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwọn tó kọ́kọ́ wádìí ẹ̀dá inú igbó ni Maria Sibylla Merian, tí wọ́n bí ní Frankfurt, Jámánì, ní 1647. Láti ọmọ ọdún 13 ló ti ń sin kòkòrò. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé inú ẹrẹ̀ àti ohun jíjẹrà ni kòkòrò ti ń jáde. Ó jókòó tì wọ́n, láti ẹyin títí wọ́n fi di labalábá, ó sì ń yà wọ́n lórí ewé tí wọ́n ń jẹ gan-an.

Ọ̀rọ̀ ewé yẹn ló wọ̀ mí lára. Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Àpáta, n'Ìbàdàn níbí, igi ọsàn ẹ̀yìn kíláàsì ni mo sì máa ń kó wọn lọ. Kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa níbẹ̀ jọ ìgbẹ́ ẹyẹ pátápátá. Tó bá dàgbà, àwọ̀ ewé ni. Ẹ fọwọ́ kàn án, á yọ ìwo rírọ̀ síta, òórùn á gba imú yín!

Ní 1699, lẹ́ni ọdún 52, Merian ta àwòrán rẹ̀, òun àti Dorothea ọmọ rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Àìsàn ló dá a padà ní 1701. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn kòkòrò Suriname jáde ní 1705.

Àwọn ẹrú ló ń ṣánko fún un níbẹ̀, ní Suriname. Ó dùn mí, mi ò sì ń fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ó kọ ohun táwọn obìnrin ẹrú sọ fún un sílẹ̀: wọ́n ń fi hóró òdòdó kan ṣẹ́yún, kí ọmọ wọn má baà bá wọn jìyà oko ẹrú. Mo máa ń sọ ibẹ̀ fún kíláàsì àgbà, màá sì jẹ́ kí wọ́n bi mí ní gbogbo ìbéèrè inú wọn.